Bí Irinṣẹ́ Ìwádìí Àṣìṣe Ṣe Wọ Inú Bọ́ọ̀dù Microcontroller

Ní 1976, nígbà tí Intel gbé 8748 jáde, tó wà lára àwọn microcontroller àkọ́kọ́, èyíinì ni odidi kọ̀ǹpútà kékeré tí a kó sínú ṣíìpù ẹyọ kan, ẹni tó bá fẹ́ tún ètò inú rẹ̀ kọ ní láti gbé e sábẹ́ iná ultraviolet fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí ti àtijọ́ tó parẹ́. Ní 1990, àjọ IEEE fọwọ́ sí ìlànà JTAG, tí a ṣe fún yíyẹ ìsopọ̀ orí bọ́ọ̀dù wò, ṣùgbọ́n tí àwọn aṣèṣíìpù tún ń lò láti dá ètò dúró lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n lè rí àṣìṣe inú rẹ̀. Síbẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ó sì wọ́n.

Lórí àwọn bọ́ọ̀dù Arduino àkọ́kọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ivrea ní Ítálì ní 2005, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ bọ́tìnnì reset, tó ń mú ṣíìpù bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ètò tuntun tó lè wọlé. Bọ́ọ̀dù Arduino Diecimila ti 2007 ló mú wàhálà yìí kúrò, nítorí wọ́n so wáyà DTR ti ṣíìpù USB, tí kọ̀ǹpútà ń darí, mọ́ ẹsẹ̀ reset nípasẹ̀ kapasítọ̀ 100 nF, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ bọ́tìnnì. Ọgbọ́n tó yẹ ká yìn ni kapasítọ̀ yìí, torí pé ìyípadà iná nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá, ṣíìpù kò sì ní há sínú reset bí DTR tilẹ̀ dúró sójú kan.

Ṣùgbọ́n ètò nìkan ni ọ̀nà yìí ń jẹ́ kó wọlé, kì í wá àṣìṣe. Ní 2010 ni ilé-iṣẹ́ STMicroelectronics fi ST-LINK, irinṣẹ́ ìwádìí àṣìṣe gan-an, sórí bọ́ọ̀dù STM32 Discovery olówó pọ́ọ́kú, tí ẹni tó rà á tún lè fi yẹ ṣíìpù orí bọ́ọ̀dù mìíràn wò.