Àìná Ọnàbólú: Ẹni tó mú ẹ̀kọ́ àwòrán yíyà wọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń gbẹ́ ère, tí wọ́n ń fín igbá, tí wọ́n sì ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jókòó, kí ayàwòrán sì fi ọ̀dà ya ojú rẹ̀ sórí bébà bí ó ti rí gan-an, àṣà yìí kò tíì fìdí múlẹ̀ nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀. Olóyè Àìná Ọnàbólú wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1882. Àwọn àwòrán inú ìwé tó ti ìlú òyìnbó wá ni ó ń wò, tí ó ń yà wọ́n, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ iṣẹ́ náà. Ní 1906, ó ya àwòrán Abilékọ Spencer Savage ní Èkó. Ní 1920, ó ya ti Dókítà Ṣàpárà, gbajúmọ̀ oníṣègùn.

Lásìkò náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó amúnisìn ló gbà pé adúláwọ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọnàbólú kò bá wọn jiyàn lásán. Ní 1920 kan náà, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris. Ó padà wálé ní 1922.

Dípò kí ó fi ìmọ̀ náà pamọ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé l'Ékòó. Ó ń kọ́ wọn bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, àti bí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ṣe ń fi ìrísí nǹkan hàn. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ó rọ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn. Báyìí ni Kenneth Murray ṣe dé ní 1927.

Èrò àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ gbájú mọ́ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ wọn. Ọnàbólú ní tirẹ̀ gbà pé kò sí ìmọ̀ tó jẹ́ ti òyìnbó nìkan. Ní 1938, wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀, tí ojú wọn jọ ti ènìyàn gidi. Ó wá hàn gbangba pé àwọn baba ńlá wa ti mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ọnàbólú kú ní 1963. Ọmọ ilé-ìwé tó bá mú pẹ́ńsùlù láti yàwòrán ní Nàìjíríà lónìí, ọ̀nà tí ó là ni ó ń tọ̀.