Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ẹ̀kọ́ Ìdíje Ọkọ̀ Fastnet, Ọdún 1979

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ fi aṣọ ìdọ̀tí jáde ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí ó ṣẹlẹ̀ lójú òkun ní ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi hàn pé òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan; ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni. Ìtàn náà ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1925 ni àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ìdíje kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fastnet. Ọkọ̀ 7 péré ni ó kópa lọ́dún náà. Orúkọ àpáta kan tí ó dá dúró sínú omi ní ìhà gúúsù Ireland ni wọ́n fi pe ìdíje náà. Ní ayé ìgbà tí à ń sọ yìí, etí òkun gúúsù England ni àwọn ọkọ̀ ti máa ń gbéra. Wọn a lọ yí àpáta náà ká, wọn a sì padà wá gúnlẹ̀ sí èbúté Plymouth. Ìrìn náà lé ní 600 máìlì ojú òkun. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọkọ̀ ńláńlá irú èyí tí ń gúnlẹ̀ sí Apapa. Yọ́ọ̀tì ni wọ́n, ọkọ̀ kékeré tí ó fi afẹ́fẹ́ rìn, ènìyàn bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni ó sì sábà máa ń tu ọ̀kan.

Láti ọdún 1925 títí di ọdún 1977, ẹnì kan ṣoṣo ni òkun gbé lọ nínú ìdíje yìí, ní ọdún 1931. Ohun tí kò bá tíì pa ni, a máa ń rò pé kò lè pa ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀, tí iye ọkọ̀ sì ń pọ̀ sí i. Kò tilẹ̀ sí òfin tí ó fi dandan lé e pé kí gbogbo ọkọ̀ ní rédíò tí a fi lè ké sí ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1979, ọkọ̀ 303 gbéra ní Cowes. Ojú ọjọ́ dára. Ní ọ̀sán ọjọ́ 13, rédíò sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ yóò le díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lé akin atukọ̀ sá nínú ìròyìn náà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìjì ńlá ti dé, ó sì ti wọ ipò kẹwàá nínú òṣùwọ̀n tí àwọn atukọ̀ ń lò, èyí tí ó parí sí ìkejìlá. Nígbà tí ìkìlọ̀ tí ó le jù lọ yóò fi dé etí wọn, púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ti wà ní agbedeméjì England àti Ireland, kò sì sí èbúté nítòsí. Ìgbì ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó dojú dé pátápátá kí ó tó tún ara rẹ̀ gbé dìde.

Ní ìgbẹ̀yìn, ọkọ̀ 85 ni ó parí ìdíje náà. 194 yà sí èbúté. Àwọn atukọ̀ sì sá kúrò nínú 24. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú hẹlikópítà, àwọn ọkọ̀ agbẹ̀mílà àti ọkọ̀ ojú ogun àwọn Dutch gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Síbẹ̀, atukọ̀ 15 nínú àwọn olùdíje ni ó bá a lọ.

Kí ọdún náà tó parí ni Royal Yachting Association àti Royal Ocean Racing Club ti gbé ìwádìí wọn jáde. Ohun méjì nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó dá wa dúró.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ okùn ààbò. Àmùrè kan wà tí atukọ̀ máa ń dì mọ́ àyà, tí ó fi okùn so mọ́ ara ọkọ̀, kí ìgbì má baà gbá a lọ. Àwọn atukọ̀ ní in. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà, okùn ẹlòmíràn já, ìkọ́ ẹlòmíràn ṣí, ibi tí ẹlòmíràn so tirẹ̀ mọ́ sì fà tu. Ìwádìí náà so ikú ènìyàn 6 mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Bí okùn bá wà lórí ìkọ́ nínú ilé ìtajà, gbogbo rẹ̀ ni ó dà bí okùn gidi. Ẹni tí kò fi gbogbo agbára fa tirẹ̀ wò ní èbúté, ìgbì ni yóò bá a fà á wò.

Èkejì ni ó dun ni jù. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ rọ́bà tí a ń fẹ́ bíi bọ́ọ̀lù, èyí tí a ó kó sí bí ọkọ̀ bá fẹ́ rì. Nínú òkùnkùn, pẹ̀lú òpó tí ó ti ṣẹ́ àti omi tí ó ti kún inú ọkọ̀, àwọn kan rò pé ó tán. Wọ́n kó sínú ọkọ̀ rọ́bà. Ti ọkọ̀ Trophy ya sí méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ti ọkọ̀ Ariadne ń dojú dé léraléra. Ènìyàn 7 ni ó kú láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, wọ́n rí Trophy àti Ariadne tí wọ́n ṣì léfòó, wọ́n sì fà wọ́n wọ èbúté. Nínú ọkọ̀ 24 tí wọ́n sá kúrò nínú wọn, 5 péré ni ó rì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sórí àga nínú yàrá ìkàwé kí ó máa dá àwọn òkú lẹ́bi. Ẹni tí omi dé ọrùn rẹ̀ lóru kò rí ohun tí àwa rí lónìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé òru bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jíròrò ìgbà tí a lè fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ojú mọmọ ni a ń ṣe é, nígbà tí okùn ọkọ̀ ṣì so mọ́ èbúté. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀ ti ń kó àwọn atukọ̀ rẹ̀ jọ, tí yóò fi ibi tí ohun gbogbo wà hàn wọ́n, títí ọwọ́ wọn yóò fi lè wá a kàn láìsí iná. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ pé níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣì léfòó, inú rẹ̀ ni ilé wọn. Ibẹ̀ ni a ti ń de bátìrì àti sítóòfù mọ́lẹ̀, nítorí nígbà tí ọkọ̀ dojú dé lọ́dún 1979, ohun tí a kò dè di òkò. Pákó ẹnu ọ̀nà tí kò ní ìdè sì bọ́ sókun, omi sì rí àyè wọlé.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, wọ́n sọ rédíò di dandan, wọ́n sì mú òfin okùn ààbò le. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ pé wọ́n kọ́gbọ́n ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2007. Wọ́n gbọ́ pé ìjì ń bọ̀, wọ́n sì sún ìgbéra síwájú fún wákàtí 25, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún 1925. Ọkọ̀ bíi 270 ni ó gbéra lẹ́yìn náà. Afẹ́fẹ́ le síbẹ̀, ó sì ju ìlàrin mẹ́ta wọn lọ tí ó yà sí èbúté láìparí ìdíje. Ẹni tí ń ka iye ọkọ̀ tí ó dé Plymouth lè sọ pé ìdíje ọdún náà kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka orí ènìyàn yóò rí i pé òkun kò pa ẹnì kankan.