Írẹ́lándì àti Ebi Bìáfúrà

Àrùn tí ó kọlu ọ̀dùnkún ní Írẹ́lándì ní ọdún 1845 mú ìyàn wá. Kí ó tó rọlẹ̀, ebi àti àìsàn ti pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù kan. Àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tí ó yè é ni ó rí àwòrán àwọn ọmọ Bìáfúrà nínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1968. Ọ̀pọ̀ fadá ìjọ Àgùdà tí ó wà ní ilẹ̀ Ìgbò nígbà náà, ará Írẹ́lándì ni wọ́n. Ní Dublin, a dá ẹgbẹ́ Africa Concern sílẹ̀, a kó oúnjẹ sínú ọkọ̀ Columcille lọ sí São Tomé, níbi tí bàálù ti ń gbé e lóru lọ sí Uli.

Ìjọba wọn kò bá ará ìlú lọ tó bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè kékeré tí wọ́n pín sí méjì ní 1921 kò lè yára ti ìyapa ẹlòmíràn lẹ́yìn. Frank Aiken, mínísítà ọ̀ràn òkèèrè, kò gba Bìáfúrà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè.

Ní Ṣakí, tí ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ti ń tọ́jú aláìsàn, ta ni yóò pe olùrànlọ́wọ́ ní ọ̀tá? Ṣùgbọ́n ogun kò dé Ṣakí. Lójú ìjọba Gowon, ẹni tí ó bọ́ ọlọ̀tẹ̀ ń jà fún un. Ní 1970, a ṣẹjọ́ àwọn fadá kan ní Port Harcourt, a sì lé wọn lọ.

Ní 1974 ni ìjọba Írẹ́lándì fi ètò ìrànwọ́ tirẹ̀ lélẹ̀. Lesotho wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jàǹfààní. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.