Dì

Dì, ọ̀rọ̀-ìṣe, ni à ń lò fún ohun ṣíṣàn tó di líle: ẹ̀kọ a máa dì nínú ewé, àdín a máa dì nígbà ọyẹ́, sìmẹ́ńtì náà a sì máa dì lọ́wọ́ bíríkìlà. Àwọn kan a máa wí pé sìmẹ́ńtì "gbẹ", èyí tí n kò fara mọ́. Nítorí kì í ṣe fífò tí omi fò lọ ló mú un le, bí kò ṣe pé òun àti omi para pọ̀ di ohun titun, tí ooru sì ń jáde lára wọn, tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè dì lábẹ́ omi pàápàá. Ìdí nìyí tí bíríkìlà tó mọṣẹ́ fi ń wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù tuntun láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí sìmẹ́ńtì ti yó ni í fi ihò wínníwínní sínú kọnkéré, tí í sì í sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Nítorí èyí ni àwọn ará Jàpáànù ṣe gbé pọ́límà kan, èròjà tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n ń pè ní polycarboxylate jáde ní àwọn ọdún 1980: ara rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ hóró sìmẹ́ńtì, ẹ̀ka rẹ̀ a máa ti hóró kejì sẹ́yìn, omi tó há sáàárín wọn a sì bọ́, tí kọnkéré olómi díẹ̀ fi ń ṣàn bí ògì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídì rẹ̀ a máa falẹ̀.

Nínú àpòpọ̀ tí a fi ń lẹ táìsì, pọ́límà mìíràn, tí a fi cellulose ara igi tàbí òwú ṣe, ló ń di omi mú, kí ògiri gbígbẹ má baà fà á mu kí sìmẹ́ńtì tó mu tirẹ̀.