Teresa Caldeira àti Ìwádìí Ìwà Ipá ní São Paulo

Teresa Caldeira, onímọ̀ nípa ẹ̀dá àti àṣà, ọmọ Bràsíl, gbé ìwé City of Walls jáde ní ọdún 2000. Àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ará ìlú ló gbé e níyì. Ó bá tálákà ẹ̀yìn ìlú São Paulo sọ̀rọ̀, ó bá olówó Morumbi, ó sì jókòó ti àwọn ará Moóca, àdúgbò òṣìṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Obìnrin kan ní Moóca tí olè ti jà rí kò dúró sórí olè náà. Àwọn tó ṣí wá láti àríwá-ìlà-oòrùn Bràsíl, agbègbè tí Bahia wà, ló ń dá lẹ́bi. Ibí yìí ni ìwé náà ti mú jù. Caldeira ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ a máa tan ìbẹ̀rù kálẹ̀, a sì máa dá odi gíga, géètì àti ọlọ́dẹ láre, títí olówó á fi pa títì tì. Kò yọ ọlọ́pàá sílẹ̀: ní 1992, ọlọ́pàá ológun ìpínlẹ̀ São Paulo pa èèyàn tó lé ní 1,400. Ọdún náà ni ẹlẹ́wọ̀n 111 kú nígbà tí àwọn ọlọ́pàá náà ya wọ ẹ̀wọ̀n Carandiru.