Ta Ló Ni Iná Náà? Erékùṣù Eigg, Ìkórajọ Ará Ìlú àti Bíbọ́ Lọ́wọ́ Epo

Ìfáàrà

Nígbàkúùgbà tí a bá ń jíròrò bí àwùjọ ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ bẹntiróò àti dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń gba iwájú: irú páànẹ́lì wo, bátìrì mélòó, èló ni. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún ni pé ẹ̀rọ kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kan náà lè wà ní ìlú méjì, kí ó tú ọ̀kan sílẹ̀, kí ó sì di òkú irin ní èkejì. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: ta ló ni ohun èlò náà, ta ló ń pinnu iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè lò, ta sì ni yóò tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́? Níbi tí ìkórajọ ará ìlú bá ti fi ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọwọ́ àwọn tó ń lo iná, ó máa ń tọ́jọ́. Níbi tó bá ti parí sí owó dídá nìkan, owó náà ni wọ́n dá, wọn kò dá nǹkan mìíràn sílẹ̀.

Erékùṣù Eigg ní Scotland ni mo gbé ka iwájú, nítorí àwọn ará ibẹ̀ ti jẹ ìyà jẹnẹrétọ̀ rí bí àwa ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìlú Schönau ní Jámánì àti erékùṣù Samsø ní Denmark dán àríyànjiyàn náà wò, kí n tó gbé e wá sí àdúgbò tiwa ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà.

Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà

Eigg wà lára àwọn erékùṣù Hebrides ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Scotland. Títí di ọdún 1997, ọwọ́ onílẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà. Keith Schellenberg rà á ní 1975, ó sì tà á ní 1995 fún oníṣẹ́-ọnà ará Jámánì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Maruma. Àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà kò ní ohùn nínú títà àti rírà. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ìwé àdéhùn ilé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹni tí kò sì mọ̀ bóyá òun yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní ri waya iná mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, 1997, Isle of Eigg Heritage Trust ra erékùṣù náà ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn. Àwọn olùgbé ibẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọba Highland àti ẹgbẹ́ Scottish Wildlife Trust ló para pọ̀ dá a sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti òde ló dá owó díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan tí kò jẹ́ kí ayé mọ orúkọ òun sì dá èyí tó pọ̀ jù. Àwọn olùgbé erékùṣù náà kò tó 70 nígbà náà.

Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn èyí kí iná tó dé. Waya iná orílẹ̀-èdè kò dé Eigg. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń tan jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé epo wá. Ariwo rẹ̀, èéfín rẹ̀ àti owó tó ń mu kì í ṣe ohun tí a ń ṣàlàyé fún ará Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, 2008, Eigg Electric bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ti Trust náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ omi mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn ń mú 100 kW wá. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 6 kW wà pẹ̀lú wọn, àti páànẹ́lì oòrùn 10 kW tí wọ́n tún fi kún lẹ́yìn náà. Bátìrì ń tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù, jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì méjì sì wà ní ìmúrasílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ná wọn ní nǹkan bí mílíọ̀nù 1.66 pọ́n-ùn, owó ìrànwọ́ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pàápàá láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Láti ìgbà náà, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 iná tí wọ́n ń lò, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló ń wá láti ara omi, afẹ́fẹ́ àti oòrùn.

Ètò tí nǹkan fi tẹ̀lé ara wọn ṣe pàtàkì. Ká ní ọwọ́ onílẹ̀ kan ni erékùṣù náà ṣì wà ni, ẹni tó bá fún wọn ní owó ìrànwọ́ yóò kàn fi kún iye tí onílẹ̀ lè ta ilẹ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tí ilẹ̀ di ti ìlú, owó ìrànwọ́ rí ibi tí yóò jókòó sí.

Òṣùwọ̀n kan fún gbogbo ilé

Kí wọ́n tó tan iná náà, àwọn ará Eigg fẹnu kò lórí òfin kan: ilé gbígbé kankan kò gbọ́dọ̀ lo ju 5 kW lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé òwò kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 10 kW. Kétìlì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ lè ṣiṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ òṣùwọ̀n yìí; bí ẹnì kan bá tún tan sítóòfù iná lé e, iná ilé rẹ̀ yóò já, yóò sì di dandan kí ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wá so ó padà. Owó kò lè ra òṣùwọ̀n tó ju èyí lọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá wo òfin yìí gẹ́gẹ́ bí ìfìyàjẹni kò tíì lóye bí iná ṣe ń náni lówó. Kì í ṣe àpapọ̀ iná tí ìlú lò lọ́dún ló ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe tóbi tó. Wákàtí tí gbogbo ilé bá tan nǹkan papọ̀ ló ń sọ ọ́. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá lè fa iye tó wù ú, ìlú gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ àti bátìrì tó lè dúró de wákàtí yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò wà lásán ní ìyókù ọjọ́. Tàbí kí wọ́n máa tan dísẹ́ẹ̀lì. Òṣùwọ̀n náà ló jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré tó wọn. Lọ́rọ̀ kan, àdéhùn láàárín aládùúgbò ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ owó ì bá ṣe.

Ní 1968, Garrett Hardin kọ ọ́ pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn yóò parun, nítorí olúkúlùkù yóò máa bù ú ju bó ṣe yẹ lọ. Elinor Ostrom, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní 2009, ta ko èrò yìí nínú ìwé *Governing the Commons* tó jáde ní 1990. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwùjọ ti ń tọ́jú omi, igbó àti ibi ìpẹja fún ìgbà pípẹ́, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ń lò ó bá lọ́wọ́ nínú òfin rẹ̀, tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá ń jíhìn fún wọn, tí ìjìyà àkọ́kọ́ kò sì le jù. Eigg bá àpèjúwe yìí mu. Nígbà tí òjò wọ́n ní 2010 tí odò fà, wọ́n ní kí olúkúlùkù dín iná kù. Nígbà tí iná bá sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n nílò lọ, wọ́n ń fi èyí tó ṣẹ́kù mú gbọ̀ngàn ìlú àti ṣọ́ọ̀ṣì gbóná. Àwọn ará erékùṣù náà tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ló ń tún ẹ̀rọ ṣe, nítorí náà ẹni tí iná já ní ilé rẹ̀ mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Ìlú tó ti ní waya tẹ́lẹ̀

Ẹnì kan lè ní Eigg rọrùn nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ iná kankan tí wọ́n ní láti bá jà. Schönau kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú kékeré ni nínú ẹkùn Black Forest ní Jámánì, ó sì ní iná tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn jàǹbá ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì Chernobyl ní oṣù Kẹrin 1986, àwọn òbí kan, tí Ursula Sladek àti ọkọ rẹ̀ Michael wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ aládùúgbò bí a ṣe ń dín iná lílò kù. Ilé-iṣẹ́ tó ni waya ìlú kò ràn wọ́n lọ́wọ́, iná títà ṣáà ni èrè rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n pinnu láti ra waya ọ̀hún. Ìbò ará ìlú gbè wọ́n ní 1991 àti 1996, wọ́n sì gba waya náà ní 1997, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọrọ owó káàkiri Jámánì nítorí pé iye tí ilé-iṣẹ́ náà bù lé e ju ìlọ́po méjì iye tí àwọn amòye tiwọn bù lọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀bẹ̀ láti dín iná kù kò níbi tí yóò gbà wọlé níwọ̀n ìgbà tí olóhun bá ń jẹ lára lílò.

Samsø fi ẹ̀gbẹ́ mìíràn hàn. Ìjọba Denmark yan erékùṣù yìí, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,000, ní 1997 láti fi hàn pé ìlú lè gbára lé afẹ́fẹ́, oòrùn àti koríko. Søren Hermansen, ọmọ bíbí ibẹ̀, lọ ń jókòó ti àwọn àgbẹ̀ ní ìpàdé kan sí òmíràn. Nínú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 11 tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ló ni mẹ́sàn-án, àwọn tó ra ìpín kéékèèké ló ni méjì yòókù. Ẹ̀rọ tó lè di ẹjọ́ láàárín aládùúgbò di ohun ìní wọn. Síbẹ̀, ọkọ̀ wọn ṣì ń mu epo. Iná láti ara ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n gbé sínú òkun ni wọ́n fi ń dí epo tí ọkọ̀ ń mu. Ìkórajọ lè pa jẹnẹrétọ̀ kí ó má tíì pa ọkọ̀.

Owó tiwa, ohun ìní ẹlòmíràn

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, 2013, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ni pínpín iná wà ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, bí tìràńsífọ́mà bá jóná ní Abẹ́òkúta tàbí ní ẹ̀yìn odi Èkó, ẹgbẹ́ àwọn lanlọ́ọ̀dù tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) ló sábà máa ń pe ìpàdé, tí wọn yóò bu owó lé ilé kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò sì ra òmíràn. Ìkórajọ gidi ni. Akọ̀wé wà, akápò wà, orúkọ ẹni tó san àti ẹni tó jẹ gbèsè wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá so ó mọ́ òpó, ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ẹni tó ni waya náà ló ni tìràńsífọ́mà tí a so mọ́ ọn. Ìlànà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, ṣe ní 2015 gba àdúgbò láyè láti kọ àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ iná kí wọ́n tó náwó, kí wọ́n lè gba owó wọn padà. Ẹgbẹ́ tó ń sáré kí iná tètè padà kì í sábà dúró de irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iná bá sì lọ, olúkúlùkù padà sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba kéde òpin owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023, lítà bẹntiróò kan fò láti ìsàlẹ̀ náírà 200 dé nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ra sólà àti ínfátà sí orí òrùlé tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ń ra epo ní lítà kọ̀ọ̀kan. Àdúgbò tó para pọ̀ ra tìràńsífọ́mà kò para pọ̀ ra oòrùn.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń dáhùn pé a ti ní àjọ àti èsúsú, kí a kàn lò wọ́n. Mo rò pé ìdáhùn yìí yá jù. William Bascom ṣàlàyé èsúsú nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1952: gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá iye kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kó o bó bá ti kàn án. Bí ìyípo bá parí, kò sí ohun tó kù tí ẹgbẹ́ jọ ni. Ó dára fún owó ọjà tàbí òrùlé ilé, ṣùgbọ́n bátìrì tí a ní láti pààrọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan nílò àpò tí kì í tán. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló sún mọ́ ohun tí a ń wá. Láti 1935 ni òfin ti fún un ní ìdúró ní Nàìjíríà: ó lè ní dúkìá, ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí ìwé owó rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: ní Gbamu-Gbamu, abúlé kan ní Ìjẹ̀bú Ìlà-oòrùn, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé-iṣẹ́ aládàáni Rubitec gbé ẹ̀rọ iná oòrùn 85 kW kalẹ̀ ní 2018, pẹ̀lú ìrànwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Jámánì. Ìlọsíwájú ni fún ìlú tí waya ìjọba kò dé. Ìlànà NERC ti 2016 sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ bá ìlú fẹnu kò lórí iye owó iná, bí àwọn oníbàárà tó ń ra ìdá 60 nínú 100 iná náà bá gbà. Ṣùgbọ́n gbígbà sí iye owó yàtọ̀ sí jíjẹ́ olóhun: èyí àkọ́kọ́ dáhùn apá kan nínú ìbéèrè kejì, ó fi ìkíní àti ìkẹta sílẹ̀.

Àtakò méjì

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé owó òde ló kọ́ Eigg. Òótọ́ ni, n kò sì gbà pé àdúgbò tálákà lè dá owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àmọ́ owó ìrànwọ́ máa ń lọ bá ẹgbẹ́ tó ní ìwé, tó ní ilẹ̀, tó sì lè jíhìn. Àtakò kejì ni pé ìlú tí ènìyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lọ kò jọ Èkó. Èyí náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n Èkó kọ́ ni ìwọ̀n tí a ń sọ. Òpópónà kan tó wà lábẹ́ tìràńsífọ́mà kan, tàbí ọjà kan tó ní ìyálọ́jà, ni ìwọ̀n tí aládùúgbò ti mọ aládùúgbò, tí òfin òṣùwọ̀n sì lè múlẹ̀.

Ìkádìí

Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹta 2023 àti òfin iná tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún náà fún àwọn ìpínlẹ̀ ní agbára láti ṣe òfin iná tiwọn. Àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ilẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú òfin pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò lè jẹ́ olóhun ẹ̀rọ àti waya tí ó fi owó rẹ̀ rà, kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gbà á sì san owó rẹ̀. CDA kò sì gbọ́dọ̀ dúró de òfin yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó mú náírà kan jáde, kí ìpàdé kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: orúkọ ẹni tí dúkìá yóò wà lábẹ́ rẹ̀, iye iná tí ilé kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ kọjá, àti iye tí yóò máa wọ àpò àtúnṣe lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè fẹnu kò lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì ṣe tán láti ra ẹ̀rọ, bó ti wù kí owó tó wà lọ́wọ́ akápò pọ̀ tó.