Eérú Tó Tọ Ọmọ Ọlọ́mọ Lọ

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀san la sábà máa ń fi òwe yìí sọ, pé aṣebi kò ní lọ láìjìyà. Ìlànà òfin gidi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ti sọ di òfin báyìí: ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ ni kó tún un ṣe, kí owó rẹ̀ sì ti àpò ara rẹ̀ jáde. Àmọ́ eérú kò ní ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ojú ẹni tó dà á yàtọ̀ sí ojú aboyún tó ń ti ọjà bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé níbi tí májèlé bá ti wọ ilẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń kó o ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo Corby, ìlú kékeré kan ní Northamptonshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Láti àwọn ọdún 1930 ni iṣẹ́ irin yíyọ́ ti gbòòrò níbẹ̀, àwọn ará Scotland sì wọ́ lọ síbẹ̀ wá iṣẹ́ títí àwọn èèyàn fi ń pe ìlú náà ní Scotland kékeré. Ní 1980, iṣẹ́ irin yíyọ́ dáwọ́ dúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì di ẹni tó jókòó sílé. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 680, tí ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ti rin gbingbin: cadmium, chromium, nickel, ọ̀dà, dioxin. Káńsù Corby gba ilẹ̀ náà, ó fẹ́ tún un ṣe kí iléeṣẹ́ mìíràn lè wá, kí àwọn ọmọ ìlú tún rí iṣẹ́ ṣe. Èrò rere ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìwà ìkà.

Láàrin 1985 sí 1997 ni wọ́n fi ń wú ilẹ̀ yìí. Típà ń kó ẹrẹ̀ olóró gba àárín ìlú lọ síbi kòtò tí wọ́n ń dà á sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìní ìbòrí. Ẹrẹ̀ ń já sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ táyà dé ojú títì. Bí oòrùn bá ti ràn, ẹrẹ̀ yìí á gbẹ, ọkọ̀ mìíràn á tẹ̀ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú, afẹ́fẹ́ á sì gbé e wọ ojú fèrèsé, wọ orí aṣọ tí wọ́n sá, wọ imú àwọn obìnrin tó lóyún. Láti 1989 ni wọ́n ti ń bí ọmọ tí ìka ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé, lọ́nà tó ju bó ti yẹ lọ nínú ìlú tí kò tóbi. Àwọn ìyá náà ló kọ́kọ́ fura. Ọ̀kan rí ọmọ ẹnì kejì, ọ̀rọ̀ wá di ẹjọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2009, Adájọ́ Akenhead dá ẹjọ́ náà ní Ilé-ẹjọ́ Gíga. Ọmọ 18 ló wà nínú ẹjọ́ ọ̀hún. Ó sọ pé májèlé tó tú jáde lè fa irú àbùkù bẹ́ẹ̀, pé káńsù ti hùwà àìkíyèsára, ó sì dá 16 nínú wọn láre. Àwọn méjì tó kéré jù ni kò sí nínú rẹ̀. Wọn ò tíì padà sí kóòtù láti yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò tí káńsù fi bá àwọn ẹbí parí rẹ̀ ní 2010, tó san owó fún wọn, tó sì tọrọ àforíjì.

Ẹ wò ó bí àṣìṣe náà ti rí. Káńsù ló ni ilẹ̀. Káńsù ló gba kọngílá síṣẹ́. Káńsù yìí kan náà ló yẹ kó máa wo bóyá wọ́n bo típà, bóyá wọ́n fọ táyà kó tó bọ́ sí títì. Iṣẹ́ náà ju agbára rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹnì kankan lókè rẹ̀ tó ń bi í léèrè lójoojúmọ́. Ilẹ̀ olóró tí wọn kò fọwọ́ kàn, ibi tó wà ló ń bàjẹ́. Èyí tí wọ́n wú láìṣọ́ra, gbogbo ìlú ló ń bá kiri.

Òfin tó ń ṣàkóso irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní oṣù Kẹrin ọdún 2000. Ó di dandan fún káńsù kọ̀ọ̀kan láti yẹ agbègbè rẹ̀ wò, kó sì ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ará ìlú lè wò. Ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Bí wọn kò bá rí i, ọ̀rọ̀ á kan ẹni tó ni ín tàbí ẹni tó ń gbé orí rẹ̀. Àwọn ibi tó le jù, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Environment Agency ló ń bójú tó wọn. Apá kan Thamesmead ní London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, jẹ́ ilẹ̀ iléeṣẹ́ ohun ìjà Royal Arsenal nígbà kan rí, nítorí náà ó dára kí àwọn èèyàn wa níbẹ̀ mọ̀ pé ìwé yìí wà.

Nítòsí wa, ní Zamfara, òjé pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ní 2010. Inú agbolé ni wọ́n ti ń lọ òkúta tó ní góòlù nínú, eruku òjé sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń rá lé. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọmọ tó máa padà sórí ilẹ̀ olóró, torí oògùn kò ní ṣiṣẹ́. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ ha erùpẹ̀ agbolé kúrò, kí wọ́n rì í mọ́ kòtò, kí wọ́n da erùpẹ̀ tó mọ́ sí i. Àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma rí èyí gbà ní 2010. Bagega, ní ìjọba ìbílẹ̀ Anka, dúró de owó ìjọba títí di 2013, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń mí òjé sínú ní gbogbo àkókò yẹn. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí rẹ̀.

Àwa náà ní ẹni tó lè ṣe irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn wọlé-wọlé. Àwọn àgbà rántí bí wọ́n ṣe ń ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi, tí wọ́n ń yẹ ṣáláńgá wò, tí ẹni tí ilé rẹ̀ dọ̀tí sì ń sanwó ìtanràn. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ṣì fi kíkó ìdọ̀tí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ májèlé tó wà nínú erùpẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni ilé epo àtijọ́ ń di ilé gbígbé, tí ọgbà mẹkáníìkì tí wọ́n ti ń da omi bátìrì sílẹ̀ ń di ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Kí wọ́n fún wọlé-wọlé láṣẹ láti béèrè àyẹ̀wò erùpẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó béèrè ibi tí típà ń gbé erùpẹ̀ náà lọ, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà wo táyà. Bó bá sì jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ni ilẹ̀, kí ẹlòmíràn láti òde wá fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí.